Ọdún kan tá a fi gbin ẹ̀fọ́ sórí yanrìn létí òkun

Látìgbà tá a ti kó padà sí Ìbàdàn làwọn èèyàn ti ń bi mí pé ṣé lóòótọ́ la gbin ẹ̀fọ́ sórí yanrìn etí òkun tá a sì rí i jẹ, mo dẹ̀ máa ń dá wọn lóhùn ní kúkurú pé bẹ́ẹ̀ ni o. Àmọ́ ìdáhùn yẹn ò tó, torí oṣù méjì àkọ́kọ́, ńṣe la kàn ń pa ẹ̀fọ́. Mo fẹ́ kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀, bóyá ó máa wúlò fún ẹlòmíì tó ń kó lọ sírú ibẹ̀, tó wá ń rò pé nígbà tí kì í ti í ṣe ilé òun, kí ló fẹ́ máa gbin nǹkan sí.

Iṣẹ́ ló gbé wa débẹ̀. Ìparí 2021 ni bàbá àwọn ọmọ mi rí kọ́ńtíráàtì oṣù mọ́kànlá lápá Àgbádárìgì, a jókòó sọ ọ́ títí pé ṣé kó máa dá lọ kó máa wálé lópin ọ̀sẹ̀ ni àbí ká jọ kó lọ. Ẹni tó bá mọ títì Èkó sí Àgbádárìgì bó ṣe rí nígbà yẹn á mọ̀ pé èèyàn ò lè máa gba ibẹ̀ wá sí Ìbàdàn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kára ẹ̀ má bàjẹ́. Bá a ṣe kó lọ nìyẹn ní February 2022, èmi, òun, àwọn ọmọ mẹ́ta, àti ìyá ọkọ mi tí gbogbo wa ń pè ní Màámi, tí wọ́n ní àwọn ò ní dá jókòó ti ilé l'Ìbàdàn.

Kì í ṣe ìgboro Àgbádárìgì la gbé. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ pé ọ̀sà ni ìgboro yẹn kọjú sí, tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí òkun látibẹ̀ ẹ máa wọkọ̀ ojú omi sọdá sí erékùṣù Gberefu ni. Tiwa, ìletò kan lẹ́yìn títì ni, létí òkun gangan, téèyàn bá jáde láti ẹ̀yìnkùlé kò ní rin ìṣẹ́jú mẹ́ta kó tó tẹ omi. Yàrá mẹ́ta, páànù tó ti dógùn-ún, igi àgbọn méje, àti yanrìn, yanrìn funfun ní gbogbo ibi téèyàn bá wò. Alẹ́ ọjọ́ kejì mo gbàgbé ọ̀bẹ síta, nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta ojú ẹ̀ ti pọ́n. Kò pẹ́ tá a fi ń fi epo pa àdá àti ọkọ́ lójoojúmọ́ bí ẹni ń pa ara ọmọ.

Kẹtékà tó mú wa wọlé sọ òfin mẹ́ta fún wa, méjì ẹ̀ ni mo ti gbàgbé. Ẹ̀kẹta ni pé ẹ̀fọ́ àti ata la lè gbin, a ò gbọdọ̀ gbin igi. Ó ń bí mi nínú, mo ní kí ni igi ìbẹ́pẹ kan fẹ́ ṣe fún onílé, àmọ́ Màámi dá a láre lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ náà ni nínú oko tàwọn, àlejò tó bá gba ilẹ̀ dáko kì í gbin kòkó tàbí ọ̀pẹ tàbí obì láìgbàṣẹ, torí igi máa ń pẹ́ ju ẹni tó gbìn ín lọ, lọ́la àwọn ọmọ ẹ̀ á ní níbi tí igi bàbá àwọn bá dé, ilẹ̀ àwọn ni. Ohun tó máa jáde láàárín ọdún kan nìkan la lè gbin. Nígbà tó yá mo rí i pé òfin yẹn gan-an ló jẹ́ ká ronú dáadáa.

Ẹni tí kíkó yẹn dùn jù ni àkọ́bí mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Àwọn àbúrò ẹ̀ méjèèjì, ọjọ́ tá a dé ni wọ́n ti wọnú yanrìn, òun ò tiẹ̀ tú ẹrù. Ghana-must-go kan ló kó aṣọ ẹ̀ sí, ńlá, aláwọ̀ búlúù, ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ló gbé e sí, tó bá fẹ́ wọṣọ á ṣí síìpù ẹ̀, á mú ẹyọ kan, á tún fà á pa. Mo ní kó kó o sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó ní, “Mọ́mì, ṣebí a ṣì máa lọ.” Ó lé ní oṣù méjì tí báàgì yẹn fi wà bẹ́ẹ̀, mo máa ń rí i tí mo bá lọ gbálẹ̀ yàrá wọn, ó máa ń ká mi lára ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀ ní ìparí March, Màámi sì mú ọkọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé wọn ò mọ iṣẹ́ oko, láti kékeré ni wọ́n ti ń ṣe é, ilẹ̀ pupa lápá Mọ́níyà ni wọ́n mọ̀ dunjú. Wọ́n kọ ebè mẹ́fà sójúde níwájú ilé níbi tó kọjú sí òkun, torí ibẹ̀ ni oòrùn pọ̀ sí, wọ́n gbin tẹ̀tẹ̀, ewédú, ilá àti tòmátò. Mo ra àpò ìgbẹ́ adìẹ méjì, ọ̀tun ni, ó ṣì ń gbóná, mo dà á sí i. Lọ́jọ́ kẹfà gbogbo ẹ̀ hù, inú wa dùn, a yàwòrán, mo fi ránṣẹ́ sí gbogbo ilé. Nígbà tó fi máa tó ọ̀sẹ̀ kejì etí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, ó kọ́kọ́ dà bí ìgbà tí wọ́n fi sìgá kàn án, lẹ́yìn náà ó jó wọnú. Ewédú ló kọ́kọ́ kú. Màámi ní omi ò tó ni, yanrìn ń fa omi, a bá tan ṣúmò, a ń fa omi kànga sí i láàárọ̀ lálẹ́, bá a ṣe ń bomi rin ín tó ló ń jó sí i. Ní ìparí April ilá mẹ́rin péré ló ṣẹ́ kù lórí ebè mẹ́fà, àwọn náà ti wọ́.

Ẹni tó tú àdììtú ẹ̀ fún wa ni ìyá kan tó ń yan ẹja ní ìsàlẹ̀ ilé wa, Ẹ̀gùn ni wọ́n, wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, Yorùbá wọn dùn létí. Wọ́n wá gbé ẹja wá fún wa lọ́jọ́ kan, wọ́n rí ebè, wọn ò rẹ́rìn-ín, wọn ò sọ pé ẹ̀yin ará òkè yìí. Wọ́n kàn tẹ̀ ba, wọ́n já ewé ilá kan, wọ́n nà án sí mi, wọ́n ní, “Ìyàwó, lá a wò.” Mo lá a. Iyọ̀ ni! Iyọ̀ gangan, bí ẹni lá àtẹ́lẹwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bu iyọ̀ sọ́bẹ̀. Wọ́n tún ní kí n bomi kànga wá pẹ̀lú ọṣẹ, mo fọwọ́ pa ọṣẹ nínú omi náà, kò hó, ó kàn ń yọ̀ bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀. Èmi tí mo ti ń bínú sí ọṣẹ ìfọṣọ láti ọ̀sẹ̀ kejì tá a dé, tí mo ní ayédèrú ni wọ́n tà fún mi.

Ohun méjì ló ń pa ẹ̀fọ́ wa, a ò mọ ọ̀kankan nínú ẹ̀. Àkọ́kọ́, afẹ́fẹ́. Ìgbì tó bá fọ́ létíkun máa ń tú omi wẹ́wẹ́ sókè, atẹ́gùn á gbé e wọ̀lú, omi á gbẹ, iyọ̀ á bà lé ewé, iyọ̀ náà á wá máa fa omi inú ewé jáde. Apá òkun yẹn sì ni afẹ́fẹ́ ti máa ń fẹ́ wá fún ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún, a wá lọ gbin ẹ̀fọ́ síwájú ilé níbi tí kò sí nǹkan kan láàárín òun àti òkun.

Ìkejì, kànga. Èyí ni mo fẹ́ kí ẹni tó ń gbé etí òkun gbọ́ dáadáa. Omi òjò tó wọlẹ̀ fúyẹ́ ju omi òkun lọ, torí nínú lítà omi òkun kan, iyọ̀ tó wà níbẹ̀ tó gíráàmù 35. Nítorí náà omi dídùn máa ń léfòó lórí omi iyọ̀ nínú ilẹ̀, bí epo ṣe ń léfòó lórí omi ọbẹ̀. Bàbá àwọn ọmọ mi ló ṣàlàyé ẹ̀ fún mi, ó ní nínú ìṣirò, gbogbo mítà kan tí omi dídùn bá fi ga ju ojú òkun lọ, nǹkan bíi 40 mítà omi dídùn ló wà lábẹ́ ẹ̀, àmọ́ tẹ́ ẹ bá fi ẹ̀rọ fa mítà kan yẹn kúrò, omi iyọ̀ á gòkè wá látìsàlẹ̀ bọ̀ sẹ́nu páìpù yín. Ohun tá à ń fi ṣúmò ṣe nìyẹn fún wákàtí méjì méjì. À ń fọwọ́ ara wa fa òkun wá sínú ọgbà. Ìyá ẹlẹ́ja ò mọ̀ ọ́n ní mítà, wọ́n kàn ní kànga etí òkun kì í fẹ́ kéèyàn fi wàǹwára fà á, bọ́kẹ́ẹ̀tì ni kẹ́ ẹ fi pọn ọ́n, kẹ́ ẹ jẹ́ kó sinmi. Ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Ó dun Màámi o. Ọjọ́ méjì ni wọn ò fi sọ̀rọ̀ púpọ̀, wọ́n ní gbogbo ọjọ́ ayé àwọn lórí oko, ẹlẹ́ja ló wá ń kọ́ àwọn ní ebè. Lọ́jọ́ kẹta ìyá ẹlẹ́ja fúnra wọn wá, wọ́n kúnlẹ̀ kí Màámi, wọ́n ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá kọ́ mi bẹ́ ẹ ṣe ń ṣe ilá tiyín tó fi ń fà.” Mo mọ̀ pé wọ́n mọ ilá sè. Àtọjọ́ yẹn ni wọ́n ti di ọ̀rẹ́.

A bẹ̀rẹ̀ lọ́tun ní May. A gbé ọgbà lọ sẹ́yìn ilé, kí ilé fúnra ẹ̀ dúró níwájú afẹ́fẹ́. Kẹtékà gbé páànù àlòkù wá pé ká fi ṣe ògiri lápá tó kù, a tò ó, ìjì kan péré ló wó gbogbo ẹ̀ lulẹ̀. Ìyá ẹlẹ́ja ní imọ̀ àgbọn ni ká hun, ká má jẹ́ kó dí pa, kó máa rí bí asẹ́. Afẹ́fẹ́ tó bá kọlu ohun tó dí pa máa fò ó, á wá já lulẹ̀ lódìkejì pẹ̀lú agbára, àmọ́ èyí tó bá gba àárín ihò kéékèèké kọjá, ńṣe lá rọ̀, iyọ̀ ẹ̀ á sì kù sára imọ̀. Àwọn ọmọkùnrin ilé ẹlẹ́ja kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń hun ún, ọwọ́ mi ya, ó sì dúró títí a fi kó kúrò, ẹ̀ẹ̀mejì péré la tún un ṣe.

Lẹ́yìn ìyẹn la wá yí ebè padà. L'Ìbàdàn òkè la máa ń kó ilẹ̀ sí kí omi má baà rà á, lórí yanrìn ìsàlẹ̀ la ń lọ. A gbẹ́ kòtò tó gùn tó ènìyàn kan, ó jìn tó orúnkún, a tẹ́ èèpo àgbọn sísàlẹ̀ ẹ̀ (a kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sómi òjò kí iyọ̀ tara ẹ̀ ṣàn jáde), a da èèpo ẹ̀gẹ́ àti ewé gbígbẹ lé e, lẹ́yìn náà ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kì í ṣe ọ̀tun o, kí yanrìn tó wá bò ó. Èèpo àgbọn yẹn máa ń mu omi bí fóòmù, tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lọ́sẹ̀ kan lẹ́yìn òjò omi ṣì máa jáde. Àbúrò ìyá ẹlẹ́ja tó ń gbin àlùbọ́sà àti kárọ́ọ̀tì ní Grand-Popo lápá Benin wá kí wọn nígbà kan, ó ní ohun táwọn ń ṣe níbẹ̀ náà nìyẹn, pé yanrìn kì í ṣe ọ̀tá, ebi ló ń pa á. Ní Keta lórílẹ̀-èdè Gánà, àwọn Anlo ti ń fi ìgbẹ́ ẹran àti ẹja bọ́ yanrìn bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ pípẹ́, wọ́n ń gbin àlùbọ́sà wẹ́wẹ́ lórí ilẹ̀ tóóró tó wà láàárín òkun àti ọ̀sà. Kì í ṣe ìdán.

Ti omi, a gbé dúrọ́ọ̀mù mẹ́rin sábẹ́ páànù, bọ́kẹ́ẹ̀tì la sì fi ń pọn kànga, mẹ́fà láàárọ̀, mẹ́fà nírọ̀lẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án ọṣẹ bẹ̀rẹ̀ sí í hó.

Àárín ìgbà yẹn la kó àwọn ọmọ lọ sí Gberefu. A sọdá, a rin ọ̀nà yanrìn tí wọ́n kó àwọn ẹrú gbà lọ sínú ọkọ̀, a dé ibi kànga tí wọ́n ní wọ́n ń mú wọn mu nínú ẹ̀ kí wọ́n lè gbàgbé ibi tí wọ́n ti wá. Àkọ́bí mi dúró níbẹ̀ ó wò ó pẹ́. Ó wá bi mí pé, “Mọ́mì, omi iyọ̀ ni wọ́n mu ni àbí omi dídùn?” Mi ò mọ èsì tí mo lè fún un. Nígbà tá a délé ó mú ìwé kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ lójoojúmọ́ pé òní òjò rọ̀, òní kò rọ̀, bọ́kẹ́ẹ̀tì mélòó la pọn, ṣé ọṣẹ hó. Ẹnikẹ́ni ò rán an.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ìyá ẹlẹ́ja fún wa ní itákùn ọ̀dùnkún, wọ́n ní òun ni kì í bẹ̀rù etí òkun. Kòtò ti kún. Mo ń wá àpò tí mo lè gbìn ín sí, àpò ìrẹsì tó wà nílé ti ya, mo ṣì ń rojọ́ ẹ̀ ní kíṣíìnì nígbà tí mo gbọ́ ìró síìpù. Ọmọ mi kó gbogbo aṣọ ẹ̀ lé bẹ́ẹ̀dì, ó gbé Ghana-must-go yẹn jáde wá, ó ní ṣé ó tóbi tó. Mo ní ó tóbi tó. Mo wọ yàrá lọ lẹ́yìn tó ti jáde, mo bá a to aṣọ sí kọ́bọ́ọ̀dù, mi ò sọ nǹkan kan fún un.

Ohun tó da àti ohun tí ò da? Tẹ̀tẹ̀ da lẹ́yìn ilé, ó da gan-an. Gbúre ò tiẹ̀ bi wá ní ìbéèrè, ẹfinrin náà bẹ́ẹ̀. Ilá so láti July títí a fi lọ. Tòmátò kọ̀, a fa gbòǹgbò ẹ̀ yọ a rí kókó wẹ́wẹ́ lára ẹ̀ jìngbìnnì, aràn inú yanrìn ni, mo fi í sílẹ̀. Ewédú ò ju ẹ̀ẹ̀mejì tá a já a. Akàn fìyà jẹ wá, òru ni wọ́n ń jáde wá gé ọ̀mùnú ẹ̀fọ́ nídìí bí ẹni fi sáàsì gé e, àwọn ọmọ mi sì fi tọ́ọ̀ṣì ṣọ́ wọn pẹ̀lú àwọn ọmọ ilé ẹlẹ́ja, àfi alẹ́ tí Zangbeto, eégún àwọn Ẹ̀gùn tó ń ṣọ́ ìlú lóru, bá jáde, gbogbo wa á wọlé. Ọmọ mi kékeré, ọmọ ọdún márùn-ún, tó máa ń sunkún torí òkùnkùn n'Ìbàdàn, òun ló ń ṣíwájú.

Ní August, nígbà tí òjò dáwọ́ dúró, òkun ru wá dé ìdí igi àgbọn méjì àkọ́kọ́, ibi tí Màámi kọ́kọ́ kọ ebè sí gan-an ni omi náà bò mọ́lẹ̀. Wọ́n dúró lójú fèrèsé wọ́n ń wò ó. Wọ́n ní, “Ọlọ́run ló yọ wá,” wọ́n sì lọ yẹ ọgbà ẹ̀yìn ilé wò, kò sí ohun tó ṣe é.

Iṣẹ́ parí ní December. Kẹtékà wá yẹ ilé wò, ó ní ẹ̀fọ́ yìí ńkọ́, ṣé ẹ máa hú u? Mo ní rárá, ká jẹ́ kó wà, alágbàágbé tó ń bọ̀ á rí nǹkan sè. Ìyá ẹlẹ́ja ní àwọn á máa bomi rin ín títí wọ́n á fi rí ẹni gba ilé. Àwọn àti Màámi jọ wa ọ̀dùnkún inú báàgì ní ìdájí ọjọ́ tá a fẹ́ lọ, mẹ́rìndínlógún la kà, a pín in sí méjì.

Aṣọ ọmọ mi, inú àpótí bàbá ẹ̀ la kó o sí lọ́jọ́ náà. Ghana-must-go ti ṣá, àwọ̀ búlúù ẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun, ìdí ẹ̀ ti lu, àmọ́ ó gbọn yanrìn inú ẹ̀ dànù, ó gé itákùn bí ogún, ó fi èèpo àgbọn tútù wé ìdí wọn, ó tò wọ́n síbẹ̀, ó sì gbé e lé ẹsẹ̀ láti Àgbádárìgì títí dé Ìbàdàn, kò jẹ́ kí wọ́n gbé e sí búùtù. Mẹ́rìnlá ló yè. Ebè ni Màámi kọ fún wọn.